Ọdún mọ́kànlá kí àwọn dókítà tó gbà: ọ̀ràn kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú

Ní oṣù kẹfà ọdún 1983, lẹ́tà kúkúrú méjì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Robin Warren kọ ọ̀kan, Barry Marshall kọ èkejì. Ìlú Perth, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kòkòrò bakitéríà kan, èyí tí a mọ̀ sí Helicobacter pylori lónìí, ń gbé inú àpòlúkù èèyàn, ó sì ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú ọgbẹ́ inú. Ní oṣù kejì ọdún 1994, ìgbìmọ̀ tí NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, pè jọ sí Bethesda sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ọgbẹ́ inú, tí kòkòrò yìí sì wà lára rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò. Nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín lẹ́tà àti ìpinnu. Ohun tí wọ́n fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ ìtàn náà báyìí: dókítà ọ̀dọ́ kan sọ òótọ́, àwọn àgbà ìṣègùn fi ṣe yẹ̀yẹ́, inú bí i, ó gbé kòkòrò mu, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ẹnu gbogbo wọn sì wọhò. Ìtàn yẹn dùn létí, àmọ́ ó ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ife tí Marshall gbé mu kò yí ọ̀pọ̀ dókítà lérò padà, kò sì yẹ kó yí wọn padà. Ohun tó ṣiṣẹ́ náà ni pé gbogbo àtakò tí wọ́n gbé dìde ló ṣeé fi ìdánwò wádìí, àwọn èèyàn sì jókòó wádìí wọn níkọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ àwọn tí ara wọn kò kọ́kọ́ balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Èrò àtijọ́ kì í ṣe èrò òmùgọ̀

Láti 1910 ni Karl Schwarz ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn dókítà inú mọ̀ sórí: níbi tí kò bá ti sí ásíìdì, kò lè sí ọgbẹ́. Ẹ̀rí gidi wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Bí inú bá ṣófo, pH oje àpòlúkù máa ń wà láàárín 1 sí 2, ìyẹn ásíìdì tó le tó láti jẹ ẹran. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé iṣan tó ń pàṣẹ fún àpòlúkù pé kó tú ásíìdì jáde, tàbí tó gé lára àpòlúkù fúnra rẹ̀ dànù, ọgbẹ́ á jinná. Nígbà tí cimetidine jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976, tí ranitidine tẹ̀ lé e ní 1981, ọ̀pọ̀ aláìsàn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Wọ́n á gbé hóró oògùn mì, ásíìdì á lọ sílẹ̀, kó tó tó oṣù méjì ọgbẹ́ á ti jinná fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. James Black, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bí cimetidine, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, ìyẹn ọdún márùn-ún lẹ́yìn lẹ́tà àwọn ará Perth. Tíọ́rì tó ń wo aláìsàn sàn lójú ẹni, ta ni yóò torí lẹ́tà méjì gbé e jù sílẹ̀?

Ibì kan ṣoṣo ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Bí aláìsàn bá dáwọ́ oògùn dúró, ọgbẹ́ á padà wá, kì í sì í pé ọdún kan tí ó fi máa ń padà fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kò ka èyí sí àléébù tíọ́rì wọn. Wọ́n ní bí àìsàn náà ṣe rí nìyẹn, ó ń báni lọ títí ni, kí onítọ̀hún ṣáà máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Ibi tó ń ta wọ́n yìí ni gbogbo ọ̀ràn náà padà já sí.

Wọ́n ti rí i rí

Warren kọ́ ló kọ́kọ́ rí kòkòrò onílílọ́ nínú àpòlúkù. Giulio Bizzozero ti rí irú rẹ̀ lára ajá ní Ítálì ní 1893, Krienitz sì rí i lára èèyàn ní 1906. Ní 1940, Freedberg àti Barron ní Boston rí i nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àpòlúkù tí oníṣẹ́ abẹ gé jáde tí wọ́n sì yẹ̀ wò. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà fi kú?

Ìwádìí ńlá kan ló pa á. Ní 1954, E. D. Palmer ní Amẹ́ríkà yẹ ẹran ara tí wọ́n bù nínú àpòlúkù èèyàn tó lé ní 1,000 wò, kò sì rí kòkòrò kankan. Ó ní ìdọ̀tí ni àwọn tó ṣáájú òun rí, tàbí kòkòrò tó wọ inú òkú ẹran lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán. Iye èèyàn tó yẹ̀ wò pọ̀ débi pé ẹnu kò gbà á láti jiyàn. Aró tó lò ni ìṣòro náà. Aró méjì tí wọ́n máa ń fi yẹ ẹran ara wò lójoojúmọ́, aláwọ̀ àlùkò àti aláwọ̀ pupa, máa ń kun kòkòrò yìí ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ikun tó yí i ká. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò hàn. Aró onífàdákà ló ń sọ ọ́ di dúdú kirikiri lórí ẹran tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ̀rún aláìsàn tì lẹ́yìn dí ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ aró ni kò jẹ́ kó rí ohun tó ń wá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń kọ́ni pé kò sí ohun tó lè gbé inú ásíìdì àpòlúkù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ rí kòkòrò náà, èsì ti wà nílẹ̀ dè é: ẹran rẹ ti bàjẹ́. Ní 1975, Steer ní Southampton ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa lórí awọ inú àpòlúkù. Ó gbìyànjú láti sìn ín sínú àwo kó lè hù, ṣùgbọ́n Pseudomonas ló hù, tó jẹ́ kòkòrò mìíràn pátápátá, ọ̀rọ̀ náà sì tún wọlẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Perth

Dókítà tó ń fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹran ara wò ni Warren. Ní oṣù kẹfà 1979, ó rí ìlà aláwọ̀ búlúù kan lórí awọ àpòlúkù aláìsàn kan tó ti wú. Ó fi aró onífàdákà kùn ún, kòkòrò sì ṣùjọ síbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ohun mẹ́ta ló kíyè sí nínú àwọn tó yẹ̀ wò lẹ́yìn ìyẹn. Àkọ́kọ́, abẹ́ ikun ni kòkòrò náà máa ń wà, ó á lẹ̀ mọ́ awọ gan-an. Kò sí lókè níbi tí ásíìdì ti pọ̀. Èkejì, ibi tó bá wà ni awọ ti máa ń wú, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà á sì péjọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí awọ bá dá ṣáká, kì í sábà rí i. Àkíyèsí kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, torí ìdọ̀tí tó wọ inú ẹran lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán kò lè pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ jọ. Ara tó wà láàyè nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1981, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ dókítà àgbà. Ní 1982, wọ́n mú aláìsàn 100 tó wá fún àyẹ̀wò inú, wọ́n mú wọn bí wọ́n ṣe ń dé, láìṣà wọ́n, kò sì sí nínú wọn tí kò fọwọ́ sí i. Wọ́n bu ẹran lára awọ tó wà ní ìsàlẹ̀ àpòlúkù, níbi tí kò ti sí ọgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé inú ọgbẹ́ ni kòkòrò ti wá. Warren yẹ ẹran wò láìmọ ohun tí dókítà rí nínú ikùn aláìsàn. Ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni wọ́n tó kó èsì méjèèjì pọ̀.

Kí kòkòrò náà hù nínú àwo ló dà wọ́n láàmú. Àṣà yàrá ìwádìí ni pé bí ohunkóhun kò bá hù láàárín wákàtí 48, kí wọ́n da àwo nù. Wọ́n sì ń dà á nù bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn tó lé ní 30. Nígbà ìsinmi Àjíǹde 1982, iṣẹ́ pọ̀, ìsinmi sì gùn, àwọn àwo kan wà nínú ẹ̀rọ amóoru fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà dé, kòkòrò ti hù. Ó máa ń lọ́ra ni: ó ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru bíi ti ara èèyàn, ọ̀rinrin, àti afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n máa ń pe èyí ní oríire, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n ń bù lára èèyàn tuntun lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí oríire náà bá nǹkan nínú àwo.

Èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet ní oṣù kẹfà 1984. Nínú àwọn 100 náà, kòkòrò wà lára 58, wọ́n sì rí i kó hù láti ara 11. Gbogbo aláìsàn 13 tí ọgbẹ́ wà ní orí ìfun wọn, níbi tí àpòlúkù ti já sí ìfun kékeré, ló ní in. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí ọgbẹ́ wọn wà nínú àpòlúkù gan-an náà ní in.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀kan

Ọ̀pọ̀ tó ń kọ nípa ọ̀ràn yìí kì í ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Ohun kìíní: kòkòrò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun kejì: òun ló ń mú kí awọ inú wú. Ohun kẹta: òun ló ń fa ọgbẹ́. Bí wọ́n ṣe gba ìkíní kò yàtọ̀ sí kíá. Ti ìkejì gbà wọ́n ní bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìkẹta ló gba gbogbo àkókò tó kù. Ẹni tó bá sọ pé “ayé kọ̀ fún ọdún mẹ́wàá” ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ẹ tún wo àwọn tó kọ́kọ́ gbà. Ní 1983, ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Ọsirélíà kò gba iṣẹ́ náà wọlé sí ìpàdé wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àpérò àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Brussels gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Martin Skirrow, tó jẹ́ ògbóǹtagí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú irú kòkòrò yìí, dúró tì wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ kòkòrò gbọ́n ju àwọn dókítà inú lọ. Lójú onímọ̀ kòkòrò, kòkòrò tuntun jẹ́ iṣẹ́ tuntun. Ó ní àwo, ó ní ẹ̀rọ, láàárín oṣù kan ó lè rí i fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ní láti jù nù kó tó gbà á. Dókítà inú ní tiẹ̀ ní oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní ìwé tó ti kọ, ó sì ní aláìsàn tó ti ṣèlérí fún. Ìgbà tí 1985 fi máa parí, yàrá ìwádìí ní onírúurú orílẹ̀-èdè ti rí kòkòrò náà. Ọ̀rọ̀ pé ìdọ̀tí ni ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Àtakò kìíní: báwo ló ṣe ń yè nínú ásíìdì? Láti 1984 ni wọ́n ti ń rí ìdáhùn. Kòkòrò náà ń ṣe ẹ́ńsáímù urease lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ́ńsáímù yìí ń fọ́ yúríà, èròjà kan tó wà nínú ara èèyàn, sí amóníà àti kábọ́nì oníọ́síjìn méjì. Amóníà náà á sì pa ásíìdì tó yí i ká. Ìdáhùn yìí tún bí irinṣẹ́. Bí o bá fi ẹran bíńtín sínú jẹ́lì tó ní yúríà àti aró tó ń fi ásíìdì hàn, jẹ́lì náà á kúrò ní yẹ́lò di pupa rẹ́súrẹ́sú bí kòkòrò bá wà. Láti 1987 ni wọ́n sì ti lè mọ̀ ọ́n láti inú èémí: aláìsàn á mu yúríà tí wọ́n sàmì sí kábọ́nì rẹ̀, wọ́n á wá àmì náà nínú afẹ́fẹ́ tó bá mí jáde. Ipa tí irinṣẹ́ wọ̀nyí kó tóbi ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kí wọ́n tó dé, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú kòkòrò náà hù. Lẹ́yìn tí wọ́n dé, ilé ìwòsàn èyíkéyìí lè wádìí fúnra rẹ̀.

Àtakò kejì ló le jù: bí a bá rí eṣinṣin lójú egbò, eṣinṣin kọ́ ló dá egbò sílẹ̀. Bóyá awọ tó ti bàjẹ́ ló fa kòkòrò mọ́ra. Ìdí nìyí tí Marshall fi gbé e mu ní 1984. Kó tó mu ún, ó jẹ́ kí wọ́n wo inú òun, kí wọ́n sì bu ẹran yẹ̀ wò, ara rẹ̀ dá ṣáká. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń bì láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ ń rùn. Ní ọjọ́ kẹwàá wọ́n tún bu ẹran: awọ ti wú, kòkòrò kún ibẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1985 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Ọsirélíà.

Kí ni ìyẹn fi hàn? Ó fi hàn pé kòkòrò náà lè mú kí awọ tó dá ṣáká wú. Ọgbẹ́ kò yọ, wíwú náà sì ti ń lọ fúnra rẹ̀ kó tó lo oògùn apakòkòrò. Ẹnì kan ṣoṣo ni, òun náà ló tún ni àbá tó ń dán wò. Àwọn tó ní ìyẹn kò tó kò ṣe àìdáa. Ní 1987, Morris àti Nicholson ní New Zealand gbé èsì tiwọn jáde. Morris mu ún, awọ inú rẹ̀ wú, ásíìdì rẹ̀ lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kòkòrò náà kò sì kúrò lára rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan títí tí wọ́n fi rí oògùn tó ká a. Ìgbà yìí ni ohun kejì fìdí múlẹ̀ dáadáa.

Àtakò kẹta: ìdajì aráyé ló ní kòkòrò yìí, àmọ́ ọgbẹ́ kì í yọ sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lára. Àwọn tó ń gbèjà àbá náà ní ikọ́ ẹ̀gbẹ náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ní kòkòrò rẹ̀ tí kò ṣàìsàn. Ìdáhùn yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn àríyànjiyàn ni. Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n mú kòkòrò kúrò, kí wọ́n wá wò ó bóyá ọgbẹ́ á tún padà.

Pípa kòkòrò ṣòro ju bí wọ́n ṣe rò lọ

Níbí ni ìwádìí ti kọ́kọ́ forí ṣánpọ́n, ó sì fún àwọn alátakò lóhùn. Erythromycin, oògùn apakòkòrò kan, ń pa kòkòrò náà nínú àwo, ṣùgbọ́n nínú àpòlúkù èèyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án. Kòkòrò náà ń sá sábẹ́ ikun, ásíìdì ń ba oògùn jẹ́, bí wọ́n bá sì lo oògùn kan ṣoṣo, àwọn tí oògùn náà kò ràn á ṣẹ́kù, wọ́n á tún bí. Ẹni tó lo oògùn kan, tí kò rí ìyàtọ̀, lè fi òtítọ́ inú sọ pé òun ti dán àbá náà wò, kò sì ṣiṣẹ́.

Ọ̀fìn kejì ni ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ aláìsàn wò. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ tí oògùn parí, kòkòrò á ti dín kù débi pé wọn kò ní rí i, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú. Oṣù kan lẹ́yìn náà ó ti kún padà, ọgbẹ́ á sì yọ lára ẹni tí wọ́n ti kọ pé kò ní kòkòrò mọ́. Irú èsì bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ó dà bíi pé kòkòrò àti ọgbẹ́ kò jọ rìn. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò pé ó gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán lẹ́yìn oògùn kí wọ́n tó sọ pé kòkòrò ti kúrò, èsì láti ìlú sí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bára mu.

Ìdánwò tó kọ́kọ́ wúwo jáde láti Perth ní 1988. Wọ́n mú aláìsàn 100 tó ní ọgbẹ́ orí ìfun àti kòkòrò pọ̀. Wọ́n fún apá kan ní cimetidine, wọ́n fún apá kejì ní bismuth, oògùn inú mìíràn. Wọ́n tún pín apá kọ̀ọ̀kan sí méjì: àwọn kan gba tinidazole tó ń pa kòkòrò, àwọn kan gba ayédèrú hóró tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Kòkòrò kò kúrò lára ẹnikẹ́ni tó lo cimetidine nìkan. Nínú àwọn tó lo cimetidine pẹ̀lú tinidazole, ó kúrò lára 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bismuth nìkan, 27. Bismuth àti tinidazole, 70. Níbi tí kòkòrò ti kúrò, ọgbẹ́ jinná fún 92 nínú ọgọ́rùn-ún, 21 péré ni ó sì padà fún láàárín oṣù méjìlá. Níbi tí kò ti kúrò, 61 ló jinná, ó sì padà fún 84 nínú àwọn yẹn.

Èsì náà lágbára, àmọ́ ihò kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn aláròjinlẹ̀ tètè rí. Bismuth fúnra rẹ̀ máa ń wo awọ inú sàn, yálà ó pa kòkòrò tàbí kò pa á. Ó tún máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, aláìsàn lè mọ oògùn tí wọ́n fún òun. Ta ló mọ̀ bóyá bismuth ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe ikú kòkòrò?

Àwọn ará Vienna, tí Hentschel léwájú, ló dí ihò yẹn ní 1993. Wọ́n yọ bismuth kúrò pátápátá. Gbogbo aláìsàn 104 ló gba ranitidine, oògùn èrò àtijọ́ gan-an. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìdajì wọn tún gba amoxicillin mílígíráàmù 750 àti metronidazole mílígíráàmù 500, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 12, tí ìdajì kejì sì gba ayédèrú hóró. Kòkòrò kúrò lára 89 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kan, ó kúrò lára 2 ní apá kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọgbẹ́ ti jinná fún 92 ní apá kan, 75 ní apá kejì. Bí a bá dúró síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò bani lẹ́rù. Àmọ́ nígbà tí ọdún yí po, ọgbẹ́ ti padà fún 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba apakòkòrò, ó sì ti padà fún 86 nínú àwọn tó gba ranitidine nìkan.

8 àti 86. Ohun tí ọgbọ́n orí kò lè túmọ̀ sí nǹkan mìíràn nìyẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, 1992, David Graham ní Houston, tó ti kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì, rí ohun tó jọ ọ́ lára aláìsàn 109: ọgbẹ́ orí ìfun padà fún 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ranitidine nìkan, ó padà fún 12 nínú àwọn tó tún lo oògùn mẹ́ta mọ́ ọn. Ìdí tí nọ́ńbà wọ̀nyí fi wọni lára ni pé ìpadàbọ̀ ọgbẹ́ ni ìṣòro tí dókítà inú kọ̀ọ̀kan ń bá yí lójoojúmọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà: dókítà tó bá kà á lè fún aláìsàn rẹ̀ mélòó kan ní oògùn náà, kó wá wo ọdún kan. Àwọn tó ti ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún kò ní padà wá.

Ásíìdì kò kúrò nínú ọ̀rọ̀

Nǹkan kan tún wà tó rọ àwọn àgbà lọ́kàn. Tíọ́rì tuntun kò ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nù. Láti 1989 ni àwọn onímọ̀ ní London, lẹ́yìn náà ní Glasgow, ti ń fi hàn pé kòkòrò náà máa ń jẹ́ kí homonu gastrin pọ̀ sí i. Gastrin ló ń sọ fún àpòlúkù pé kó tú ásíìdì. Bí kòkòrò bá fi ìsàlẹ̀ àpòlúkù ṣe ibùjókòó, ásíìdì á pọ̀, á máa ṣàn lu orí ìfun, ọgbẹ́ á yọ níbẹ̀. Bí ó bá gba òkè àpòlúkù, níbi tí ásíìdì ti ń jáde, ásíìdì á dín kù, ewu jẹjẹrẹ ni yóò sì pọ̀ sí i. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Schwarz ṣì dúró. Cimetidine ń wo ọgbẹ́ sàn lóòótọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó mú ohun tó ń mú ọgbẹ́ padà wá kúrò.

Ọ̀ràn John Lykoudis yẹ ní fífi wé èyí. Dókítà ni ní Gíríìsì, láti 1958 ló sì ti ń fi oògùn apakòkòrò wo ọgbẹ́ inú. Ọ̀pọ̀ aláìsàn rẹ̀ ló ń gbádùn. Ìwé ìròyìn ìṣègùn kò gba iṣẹ́ rẹ̀, àwọn aláṣẹ ìṣègùn sì bu owó ìtanràn 4,000 dírákímà lé e. Ó dunni gan-an, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni òtítọ́ wà. Ṣùgbọ́n kò ní kòkòrò tó lè fi hàn, kò ní apá kejì tí wọn kò fún ní oògùn, kò sì ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn fi lè mọ ẹni tí oògùn náà yẹ fún. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kò rí ohun tí yóò dì mú. Owó ìtanràn yẹn kò dára, àmọ́ kí wọ́n má gba tíọ́rì rẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú ohun tó gbé wá, kò yà wá lẹ́nu.

Lẹ́yìn 1994

Ìgbìmọ̀ Bethesda kò gba ohun gbogbo. Wọ́n gbà pé kí ẹni tó ní ọgbẹ́ àti kòkòrò lo apakòkòrò pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù, ìbáà jẹ́ pé ọgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Wọn kò gbà pé kí ẹni tí inú kàn ń yọ lẹ́nu láìní ọgbẹ́ lò ó. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, wọ́n ní kó ṣì dúró de ìwádìí. Ní ọdún yẹn kan náà, IARC, iléeṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ àgbáyé, fi kòkòrò náà, tó ti ń jẹ́ Helicobacter pylori láti 1989, sí ọ̀wọ́ kìíní nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ẹgbẹ́ méjì wo ẹ̀rí lọ́dún kan náà, ibi tí wọ́n dúró sí kò sì bára mu lórí kókó yẹn, torí ìbéèrè wọn yàtọ̀. Ọ̀kan ń béèrè pé kí ni dókítà yóò ṣe lọ́la, èkejì ń béèrè pé kí ló ń fà á.

Ìpinnu kò sì yí ìwé oògùn padà lọ́jọ́ kan. Ní 1997, CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, ṣì ní láti ṣe ìpolongo káàkiri Amẹ́ríkà kí àwọn dókítà àti aláìsàn lè mọ̀ pé ọgbẹ́ inú ṣeé fi apakòkòrò wò. Ní 2005, Warren àti Marshall gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọgbẹ́ tí aspirin àti àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen ń fà wà lọ́tọ̀. Kòkòrò lè máà sí níbẹ̀ rárá. Bákan náà ni clarithromycin, ọ̀kan lára àwọn oògùn apakòkòrò, kì í ràn mọ́ lára ọ̀pọ̀ kòkòrò yìí, ìdí rèé tí wọ́n fi ń lo oògùn púpọ̀ pọ̀ báyìí, ọjọ́ 14 ló sì sábà máa ń jẹ́. Àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá ó ti kúrò kò tíì yí padà: ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn apakòkòrò, kí aláìsàn sì ti dá omeprazole àti irú rẹ̀, àwọn oògùn tó ń dín ásíìdì kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì á sọ pé kò sí nígbà tó ṣì wà.